Àánú Olùkọ́ Agbábọ́ọ̀lù àti Ìwà Àwọn Ọmọ Wa Lórí Pápá

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún

  

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ rán àwa Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ni pé kí a wá jábọ̀ lórí ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ń bẹ ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá, Ìgàndò àti àwọn àdúgbò tí ó yí wọn ká. Iye owó tí yóò náni àti pápá tí a ó lò ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé. A kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ṣùgbọ́n bí a ti ń jíròrò ni ọ̀rọ̀ kan yọjú láàárín wa tí ó wúwo ju ọ̀rọ̀ owó lọ, tí a kò sì lè gbé ife kankan kalẹ̀ láìjẹ́ pé a dáhùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: bí ọmọ tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù lọ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan bá hùwà tí kò tọ́, ta ni yóò bá a wí?

Ẹni tí ó bá ń lọ sí pápá kò ní sọ pé òun kò mọ ohun tí à ń wí. Ọmọ kan yóò gbá rẹfirí létí lọ́sàn-án Satidé nítorí pé wọ́n fọn fèrè sí i. Olùkọ́ rẹ̀ yóò sáré wọlé, yóò dọ̀bálẹ̀ fún rẹfirí, yóò dọ̀bálẹ̀ fún àwọn olùdarí ìdíje, gbogbo ayé yóò sì ní olùkọ́ náà níwà. Nígbà tí yóò bá fi di Satidé kejì, ọmọ yẹn náà ni ẹ ó rí tí ó ń so okùn bàtà rẹ̀. Òmíràn wà tí àwọn olùkọ́ kíláàsì kò fojú kàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìdíje bá pé, yóò wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti fi ìrìn lọ̀ gbọọrọ, yóò sì dé kí agogo tó lù. Èyí tí ó burú jù nínú wọn ni ti ọmọbìnrin tí agbábọ́ọ̀lù lù tàbí tí ó fi ọwọ́ tí kò yẹ kàn, tí àwọn àgbà wá ń rọ̀ pé kí ó mú ọ̀rọ̀ náà mọ́ra di ẹ̀yìn ìdíje àṣekágbá. Bí ìdíje àṣekágbá bá sì parí, ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ àná.

Ohun mẹ́ta ni àwọn olùkọ́ agbábọ́ọ̀lù máa ń sọ. Wọn a ní ọmọdé ni. Wọn a ní bí a bá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, ìgboro ni yóò gbà á. Èyí ẹ̀kẹta, ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́: bí ọmọ yìí kò bá wọlé, wọn yóò borí wa.

A kò wá síhìn-ín láti bú wọn. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń fi owó ara rẹ̀ ra bàtà fún ọmọ ọlọ́mọ, tí ó ń fún ọmọ tí ebi ń pa ní búrẹ́dì kí ó tó sáré, tí ó sì ń gba ọmọ tí kò rí ibi sùn sí ilé. Bí a bá ka àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ Alímọ̀ṣọ́, àwọn olùkọ́ agbábọ́ọ̀lù yóò ṣáájú ọ̀pọ̀ àwa tí a jókòó síbi ìpàdé yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àánú tí à ń sọ yìí dáadáa. Ọmọ tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá tó bẹ́ẹ̀, tí ó máa ń jókòó sẹ́yìn ìlà, ọjọ́ tí ó bá pẹ́ dé ibi ìdánrawò ni wọn yóò gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. A kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ nípa tirẹ̀ pé ìgboro ni yóò gbà á. Àánú tí ó ń pọ̀ sí i bí gọ́ọ̀lù bá ti ń pọ̀ sí i, ó yẹ kí a fi orúkọ mìíràn pè é.

Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà tí ọmọ wọn ń gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì ti rán wa létí pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilé nìkan, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a mú un kọjá òkun díẹ̀. Bọ́ọ̀lù tiwọn lọ́hùn-ún kì í ṣe irú tiwa. Ó ṣe ṣóńṣó lórí méjèèjì, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e sáré. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ó ń gbá a, ṣùgbọ́n pápá tí ó gba ènìyàn tí ó ju 70,000 lọ a máa kún dẹ́múdẹ́mú nítorí rẹ̀, olùkọ́ agbábọ́ọ̀lù a sì máa lókìkí ju ọ̀gá yunifásítì lọ. Ní Yunifásítì Nebraska, olùkọ́ kan wà tí ń jẹ́ Tom Osborne, ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ tí ó mú ẹ̀sìn rẹ̀ lọ́kùn-únkúndùn. Ọmọ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Lawrence Phillips. Ọmọ yìí kò rí ilé gbé bí ọmọ. Ọwọ́ àwọn alágbàtọ́ àti ilé ìtọ́jú ọmọ ni ó ti dàgbà ní California. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbé bọ́ọ̀lù, ọwọ́ kì í tó o mọ́.

Ní oṣù September 1995, ní òru lẹ́yìn ìdíje kan tí ó ti ṣe dáadáa, Phillips já wọ ilé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, ó lu ọmọbìnrin kan tí ó ti jẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀ rí, ó sì wọ́ ọ nílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan náà ni ọmọbìnrin yìí, òun pẹ̀lú sì ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún un. Osborne kọ́kọ́ ní òun ti lé ọmọkùnrin náà. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi yí padà, ó wá di ìdádúró fún ìdíje mẹ́fà. Ìdí tí ó sọ ni pé ọmọ tí kò ní ìyá tí kò ní bàbá nítòsí yìí, bọ́ọ̀lù nìkan ni okùn tí ó so ó mọ́lẹ̀. Bí a bá já a, yóò ṣègbé. Phillips padà sórí pápá kí ọdún náà tó parí. Ní ọjọ́ 2 oṣù January 1996, Nebraska fi àmì 62 sí 24 na Florida, wọ́n di akọni gbogbo Amẹ́ríkà, Phillips nìkan sì gbé bọ́ọ̀lù délé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: ọ̀rọ̀ Osborne kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Bí a bá gbé ọmọ bẹ́ẹ̀ wá síwájú wa níhìn-ín, àwọn ìyá tí ó wà nínú ìpàdé yìí ni yóò kọ́kọ́ sọ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó já sí. Ẹgbẹ́ àwọn tí ń gba owó iṣẹ́ mú Phillips ní ọdún 1996 kan náà, ẹni kẹfà tí wọ́n mú nínú gbogbo ọmọ tí ó jáde lọ́dún náà. Ẹgbẹ́ yẹn lé e, òmíràn gbà á, òmíràn tún lé e. Ní 2005 ó fi ọkọ̀ gbá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta lẹ́yìn ayò kan ní Los Angeles. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dá fún un nítorí ìyẹn àti nítorí obìnrin mìíràn tí ó lù ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ní 2015 wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ó pa ẹni tí wọ́n jọ wà nínú yàrá ẹ̀wọ̀n. Ní ọjọ́ 13 oṣù January 2016, wọ́n bá a ní òkú nínú ẹ̀wọ̀n, ẹni ogójì ọdún.

A kò sọ pé Osborne ni ó pa á. Ìyà tí ó ti jẹ ọmọ náà kí ó tó mọ Nebraska kì í ṣe kékeré. Ohun tí à ń sọ ni pé kò sí ẹnikẹ́ni, àní Osborne fúnra rẹ̀, tí ó lè fi ọwọ́ sọ àyà pé àánú nìkan ni ó mú ọmọ náà padà sórí pápá. Àánú àti àìní jọ ara wọn bí ìbejì. Olùkọ́ tí ó nílò ọmọ kan láti borí kò lè mọ èwo nínú méjèèjì ni ó ń sọ̀rọ̀ lọ́kàn òun, bí ó ti wù kí ó jẹ́ olóòótọ́ tó. Bí a bá sì fi í sí ipò onídàájọ́, ẹrù tí kò yẹ ẹ́ ni a dì lé e lórí. Nínú gbogbo ariwo tí wọ́n pa lórí ọkàn ọmọkùnrin yìí, ẹ kíyè sí i pé ohùn ọmọbìnrin tí wọ́n wọ́ lórí àtẹ̀gùn ni a gbọ́ kéré jù.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Tiwa nígbà mìíràn kọjá kí olùkọ́ gbójú fo ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ. Àgbà gan-an ni yóò kọ́ ọmọ ní ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ní 1989, FIFA, àjọ tí ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù lágbàáyé, fi òfin dè Nàìjíríà fún ọdún méjì nínú gbogbo ìdíje àwọn ọ̀dọ́, nítorí pé ọjọ́ ìbí tí a kọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta nígbà Òlíńpíìkì 1988 yàtọ̀ sí èyí tí a ti kọ fún wọn nínú àwọn ìdíje ìṣáájú. Ìdíje àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́ tí à bá gbà lálejò ní 1991 bọ́ sọ́wọ́ Pọ́túgàlì. Wọ́n gbà á lálejò, wọ́n sì gba ife náà. Ta ni ó jìyà? Ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ òtítọ́ ni, tí àsìkò rẹ̀ bọ́ sí àárín ọdún méjì náà, tí kò sì lè padà di ọmọdé mọ́. Nígbà tí a gba ìdíje àwọn tí kò ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ lálejò ní 2009, FIFA ti ń fi ẹ̀rọ wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ, nítorí pé ìwé ọjọ́ ìbí nìkan kò tó ẹ̀rí mọ́. Síbẹ̀, nínú ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ ó ṣì rí ọmọ kíláàsì kẹta tí irùngbọ̀n rẹ̀ ju ti olùkọ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ oṣù July 2013 tilẹ̀ jọ àlọ́. Ẹgbẹ́ méjì tí ń wá ọ̀nà àtigòkè sí ìpele tí ó ga díẹ̀ nílò gọ́ọ̀lù púpọ̀ ní ọjọ́ kan náà. Plateau United Feeders gbá 79 wọlé Akurba láìgba ẹyọ kan. Police Machine gbá 67 wọlé Bubayaro. Ó pọ̀ jù nínú gọ́ọ̀lù wọ̀nyí, ẹ̀yìn ìsinmi ni wọ́n wọlé. Àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà fi òfin de ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì fi òfin de àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn aláṣẹ wọn títí ayé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rẹ́rìn-ín nígbà náà. Àwa kò rẹ́rìn-ín, nítorí a ronú kan àwọn ọmọ tí wọ́n ní kí wọ́n dúró kí gọ́ọ̀lù máa wọlé. Wọ́n gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu, ohun tí wọ́n sì rí gbà nìyẹn.

Kí ẹ má bàa rò pé gbogbo rẹ̀ ni ó wọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tí ó tọ́. Ní 1956, Rev. Fr. Denis Slattery, ọmọ Ireland, dá St. Finbarr's College sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí ń bẹ ní Akoka títí di òní. Òun fúnra rẹ̀ a máa ṣe rẹfirí, ó sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù dé egungun. Ilé-ẹ̀kọ́ náà gba ife àwọn Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́, tí a kọ́kọ́ ń pè ní Zard Cup, lọ́pọ̀ ìgbà. Síbẹ̀ nǹkan mẹ́ta ni àwọn tí ó jáde níbẹ̀ fi ń yangàn: ìwé, bọ́ọ̀lù àti ìkóra-ẹni-níjàánu. Ẹ wò ó pé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni Slattery. Ẹni tí ó ni àṣẹ lórí pápá ni ó ni àṣẹ lórí kíláàsì pẹ̀lú, ọmọ kò sì lè sá kúrò lábẹ́ ọ̀kan bọ́ sábẹ́ èkejì.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ St. Finbarr's ni Stephen Keshi. Ní 1985, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà dá òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní New Nigeria Bank dúró nítorí ọ̀rọ̀ lílọ sí àgọ́ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè. Àwọn kan ṣì ń jiyàn títí di òní bóyá ìdájọ́ náà tọ́, nítorí pé àárín ẹgbẹ́ wọn àti orílẹ̀-èdè ni wọ́n há sí. A kò ní dá sí i. Ohun tí a mọ̀ ni pé Keshi kò parun. Ó gba Ivory Coast lọ, ó ti ibẹ̀ dé Bẹ́ljíọ̀mù. Òun ni balógun ẹgbẹ́ tí ó gba ife Áfíríkà ní 1994, ó sì tún gba ife kan náà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ní 2013 kí ó tó papòdà ní 2016. Kí ẹni tí ó bá sọ fún wa pé ìdádúró ni yóò ba ayé ọmọ jẹ́ rántí Keshi.

Kí ẹni tí ó bá sì sọ pé àìsí ọmọ kan ni yóò mú kí wọ́n borí wa rántí olóògbé Christian Chukwu. Ní Tùnísíà ní oṣù January 2004, Morocco ti fi gọ́ọ̀lù kan borí Nàìjíríà ní ìdíje àkọ́kọ́. Ìgbà yẹn gan-an, tí ó yẹ kí ó máa bẹ àwọn ìràwọ̀ rẹ̀, ni wọ́n lé Yakubu Aiyegbeni, Celestine Babayaro àti Victor Agali padà kúrò ní àgọ́ lórí ẹ̀sùn àìgbọràn. Ìdíje tí ó tẹ̀ lé e, Nàìjíríà fi gọ́ọ̀lù mẹ́rin sí òdo na South Africa. Wọ́n borí Benin, wọ́n borí Cameroon, wọ́n sì ṣe ipò kẹta. Wọn kò gba ife náà, a gbà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ pé wọ́n di aláìlera.

Nítorí náà, ohun tí a fi síwájú ẹgbẹ́ kò ṣòro. Nínú ìdíje tiwa, a kò fẹ́ kí olùkọ́ agbábọ́ọ̀lù ní ohùn nínú ìdájọ́ ọmọ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó lè wá jẹ́rìí, ó lè wá bẹ̀bẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ó jáde kí wọ́n tó dìbò. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn mẹ́ta: ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tàbí igbákejì rẹ̀, olùkọ́ kíláàsì kan, àti òbí kan tí ọmọ rẹ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin. Ẹni tí a ṣẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sọ bí ọmọ náà ti ṣe pàtàkì tó. Kí a sì kọ iye ìdíje tí ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò gbà sílẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má baà di ọ̀rọ̀ ìdúnàádúrà ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú àṣekágbá.

Ní ti ìgboro tí wọ́n ní yóò gba ọmọ náà, a ronú sí i gidigidi, nítorí pé a mọ ìgboro wa. Ní 2003 ni wọ́n pín Alímọ̀ṣọ́ sí àgbègbè mẹ́fà, ìkànìyàn 2006 sì ka ènìyàn 1,277,714 níbẹ̀. Bí ilé ti ń pọ̀ sí i ni pápá ń tán, ọmọ tí kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́ kò sì ní ibòmíràn tí yóò lọ ju gáréèjì lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ pé ìyà tí a ó fi jẹ ọmọ kò gbọdọ̀ lé e jáde, àyàfi bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá jẹ́ ti ọlọ́pàá. Kí ó máa wá sí kíláàsì lójoojúmọ́, kí ó máa bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánrawò, kí ó tilẹ̀ bá wọn gbé àpò bọ́ọ̀lù dé pápá. Wíwọ aṣọ ìdíje nìkan ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Níhìn-ín ni iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ wà, níhìn-ín ni àánú rẹ̀ sì wúlò: kí ó fẹ́ràn ọmọ náà ní Satidé tí kò lè gbá gọ́ọ̀lù kankan fún un.

Bí olùkọ́ kan bá mú ọmọ tí a ti dá dúró wọlé, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti pàdánù ìdíje náà. Bí a bá sì rí i pé ọjọ́ ìbí tí wọ́n kọ kì í ṣe òtítọ́, àgbà tí ó fọwọ́ sí ìwé náà ni yóò kọ́kọ́ jìyà; a dábàá pé kí ó má ṣe bá wa kópa fún ọdún márùn-ún.

Ibì kan ṣoṣo ni ohùn wa kò ti ṣọ̀kan. Àwọn kan nínú wa fẹ́ kí ọmọ tí ó bá lu rẹfirí jókòó fún odindi ọdún kan. Àwọn yòókù ní ọdún kan gùn jù fún ọmọ tí yóò jáde ní kíláàsì kẹfà, pé sáà kan tó. A fi èyí sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ láti pinnu. Àkọsílẹ̀ òfin náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yóò sì rí i gbà. Ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù ti kọ̀wé pé àwọn yóò fi owó ra ife náà bí a bá lè kọ orúkọ ẹ̀ka wọn sí i lára. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn púpọ̀, a sì dá wọn lóhùn pé kí wọ́n kọ́kọ́ ka òfin náà, kí wọ́n fi èrò wọn ránṣẹ́ kí ìpàdé oṣù mẹ́ta tí ń bọ̀ tó pé, nítorí pé a kò ní pe ilé-ẹ̀kọ́ kankan sí ìdíje títí a ó fi fọwọ́ sí i.